Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan Tí Mo Ṣì Túmọ̀

Arámọkọ-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Ibíwùmí ọmọ mi,

N kò ní béèrè àlàáfíà rẹ nínú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé ara rẹ le. Lẹ́tà tí o kọ sí mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn sọ bẹ́ẹ̀, ojú ewé méjì gbáko ló sì fi sọ ọ́. Ẹni tí mò ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yétúndé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó wà ní kíláàsì kárùn-ún ní ilé ìwé tí wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ṣé o mọ̀ ọ́n? O nà án ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí kò wá sí ilé ìwé mọ́. Bí o bá ṣí rẹ́jísítà, wàá rí òdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣé o tilẹ̀ ti ṣí i?

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti òkè lẹ́tà, kí o má baà máa wá ìbínú mi kiri láàárín ìlà. Ìyá rẹ ní kí n jẹ́ kó rọ̀ kí n tó mú kálámù. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń dúró. Kò rọ̀.

Lẹ́tà rẹ wà níwájú mi níbi tí mò ń kọ̀wé sí yìí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, mo kà á sókè fún ìyá rẹ, mo tún gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ fi han àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ní ẹ wo ọmọ mi. O ní ilé ìwé náà ti dojú rú kí o tó dé, pé ìgbà tó bá wu ọmọ ni ó ń wọlé. O ní o ti géètì ní aago méje ààbọ̀, ẹni tó bá pẹ́ a gba pàṣán mẹ́fà, ọmọ ẹni yòówù kó jẹ́. O na ọmọ akọ̀wé káńsù, o na ọmọ olùṣọ́ àgùntàn, o na ọmọ aba oko, mẹ́fà mẹ́fà. O wá fi òyìnbó kan dé gbogbo rẹ̀ lórí bí ẹni dé adé: 'I have been firm and equitable.'

'Firm', pé o dúró gbọin, mo gbà. Ìkejì ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí. 'Equitable'. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn jù ọ́ lọ, Ibíwùmí, nítorí mo ti fi ba ayé ẹnìkan jẹ́ rí. Títí di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá rẹ.

Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé, mò ń kan àga kan tó ti mì. Takisí kan dúró lójú títì, ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀. Kò kí mi bí àlejò ṣe ń kí onílé. Ó dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Akọ̀wé kóòtù," ó ní. "Ìwọ náà ti darúgbó."

Mo gbé òòlù sílẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti rí obìnrin yẹn kẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀ pé Màmá Òjó ni. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí ó jókòó. Kò jókòó.

"Wọ́n ní ọmọ rẹ ni ọ̀gá obìnrin tó wà ní ulé-ùwé wa."

Mo ní ọmọ mi ni. Pẹ̀lú ìdùnnú ni mo fi sọ ọ́ o. Ojú ń tì mí báyìí.

"Ó dáa. Ọmọ-ọmọ mi kò lọ ulé-ùwé mọ́. Láti aba wa dé ibẹ̀, òkè méjì là ń gùn, odò kan là ń là. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jí i. Inú ìrì ló ń sáré, aṣọ rẹ̀ a tutù dé àyà. Tó bá fi máa dé, wọ́n á ti ti géètì. Ọmọ tí ulé wọn wà lẹ́yìn ògiri ulé-ùwé, tó sùn títí, tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀, òun náà á gba mẹ́fà. Wọ́n ní ọ̀gá sọ pé bákan náà ni gbogbo wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta odò, orúnkún rẹ̀ là. Ó fi ewé dí i, ó ń tiro lọ. Ó dé ibẹ̀, ó tún gba mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, Akọ̀wé."

Ibíwùmí, ṣé o rí ẹ̀jẹ̀ náà? Dá mi lóhùn èyí kí o tó dá mi lóhùn ohunkóhun mìíràn.

Mo ṣe ohun tí òbí ń ṣe. Mo gbèjà rẹ. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, òfin ilé ìwé ni. Bákan náà ló ṣe é fún gbogbo wọn."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dára.

"Bákan náà," ó ní. "Ohun tí ìwọ náà sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà kóòtù nìyẹn. Ẹnu baba, ẹnu ọmọ."

Wàá béèrè pé kí ló pa èmi àti obìnrin aba Òkè-Ìmẹ̀sí pọ̀. Jókòó kí o kà á.

Ọdún tí o wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Wọn kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nígbà náà. Ògbufọ̀ ni mí ní kóòtù kan tí n kò ní dárúkọ: bí adájọ́ bá sọ òyìnbó, èmi ni màá sọ ọ́ di Yorùbá, bí ará ìlú bá sọ Yorùbá, èmi ni màá sọ ọ́ di òyìnbó. Aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàsì sí kó lè le gbagidi ni mo ń wọ̀. Àgbàlagbà ń pè mí ní Akọ̀wé, wọ́n ń fi àga sílẹ̀ fún mi. Ó wọ̀ mí lára débi pé mo gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ òyìnbó tó lè borí mi. Èyí tí n kò bá mọ̀, màá fojú inú wò ó, màá sì sọ ọ́ sókè, nítorí mo ti rí i pé ohun tí a bá sọ sókè, àwọn ènìyàn a gbà á gbọ́.

Ọkọ Màmá Òjó ló kú. Ìyàwó méjì ló fi sílẹ̀. Ọmọ ìyálé, Ògúndélé, ti di géńdé. Bàbá wọn ti fún un ní oko kòkó kan nígbà ayé rẹ̀. Màmá Òjó ni ìyàwó kékeré, ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Òjó tó jẹ́ àgbà wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n máa pín. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà létí odò, ilẹ̀ dúdú ni, ohun tí o bá sọ síbẹ̀ á hù. Apá òkè rẹ̀, àpáta ni. Ògúndélé ní kí wọ́n ta okùn sí i, kí ìdí ìyá kan mú apá kan, kí ìdí ìyá kejì mú apá kejì. Màmá Òjó kọ̀, ọ̀rọ̀ wá di ti kóòtù.

Adájọ́ náà kì í ṣe Yorùbá. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹjọ́ náà jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló sì béèrè ọ̀rọ̀ àpáta yẹn. Ebè mélòó ló lè gba orí rẹ̀? Ta ni kòkó bàbá wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ọmọ obìnrin yìí? Ẹnu mi ni gbogbo ìbéèrè yẹn gbà jáde, n kò sì bi ara mi lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tó fi ń béèrè wọn.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdájọ́, ó ka ìwé rẹ̀. Ó ní kí àwọn àgbà ìdílé lọ pín ilẹ̀ náà 'in an equitable manner', kí wọ́n sì padà wá jábọ̀. Mo gbọ́ 'equi'. Mo mọ 'equal'. Mo so wọ́n mọ́ra bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ àgùntàn, mo sì gbóhùn sókè:

"Adájọ́ ní kí ẹ lọ pín ilẹ̀ náà ní ọgbọọgba!"

Àwọn ará Ògúndélé hó yèè.  Nígbà tí a jáde, Màmá Òjó di apá aṣọ mi mú. "Akọ̀wé, adájọ́ tó béèrè àpáta lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣé ọgbọọgba ló sọ lóòótọ́?" Wò ó, obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B gbọ́ adájọ́ náà yé ju èmi tí mo gbọ́ òyìnbó lọ. Mo fa apá aṣọ mi yọ. Sítáàsì ibẹ̀ ni mo rò. Mo ní, "Bákan náà ni fún gbogbo yín. Kí lẹ tún ń fẹ́?"

Wọ́n ta okùn. Ọgbọọgba ni, ẹsẹ̀ bàtà kan kò fi ju ìkejì lọ. Ògúndélé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló kọ́kọ́ mú. Ìwọ náà mọ ibi tó mú.

Bí ibẹ̀ bá ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, àìmọ̀kan ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n da ìdájọ́ náà kọ sínú ìwé ńlá. Ọ̀gá àwọn akọ̀wé fi ìwé atúmọ̀ èdè òyìnbó rẹ̀ sórí tábìlì, mo kàn ṣí i ni. Mo rí 'equitable'. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sọ̀rọ̀ okùn rárá. Ó ní kí a ṣe é bó ti tọ́, kí a wo bí ọ̀rọ̀ kálukú ṣe rí. Mo pa ìwé náà dé. Láti tábìlì mi dé ẹnu ọ̀nà adájọ́ kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ. N kò gbé ọ̀kan. Mo rò pé wọ́n á ní ògbufọ̀ yìí kò gbọ́ òyìnbó. Táyọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ nígbà náà. Mo rò ó pé kí ni a ó jẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n wá jábọ̀ ló burú jù. Adájọ́ béèrè bóyá ó tẹ́ ìhà méjèèjì lọ́rùn. Màmá Òjó dìde, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò rí ibi tí mo fẹ́ kọ ebè sí." Gbogbo ojú yí sí mi. Mo kọjú sí adájọ́, mo sì fi òyìnbó tó dán sọ pé ó ti gbà: 'She accepts, sir.'

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi gbé adájọ́ náà lọ sí ibòmíràn.

Ṣé o rí i? Ti àkọ́kọ́, mi ò mọ̀. Ti èkejì, mo mọ̀. N kò ní wá orúkọ tó dùn fún un.

Màmá Òjó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí aba kan lẹ́yìn òkè, lórí ilẹ̀ tí wọ́n yá a. Ibẹ̀ ni Òjó dàgbà sí, ibẹ̀ ló bí Yétúndé sí. Èmi ni mo gbé ọmọ yẹn lọ sọ́nà jíjìn kí wọ́n tó bí i. Ìwọ wá ń nà án nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Nígbà tí wọ́n gbé ọ lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, o béèrè ìdí tí n kò fi bá ọ kó ẹrù. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Irọ́ ni. Láti ọdún yẹn, bí mo bá ń lọ sí ìhà ibẹ̀, n kì í kọjá Ẹ̀fọ̀n tó wà lójú ọ̀nà.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn mi tán.

Àkọ́kọ́. Lo ọ̀rọ̀ bó ti yẹ. 'Equal', ti okùn àti òṣùwọ̀n ni: kí èyí má ju ìyẹn. 'Impartial', ti ojú tí kò wo ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́ ni, tí kì í ṣègbè. Ìyẹn ni ìwọ ṣe. O na ọmọ akọ̀wé káńsù, o kò bẹ̀rù bàbá rẹ̀. Mo yìn ọ́ fún un, n kò ní gbà á padà. 'Equitable', ojú tó rí ẹrù tí kálukú rù ni. Ojú kan kì í wo ẹni, ojú kejì gbọ́dọ̀ wo ohun tó wà lórí ẹni. O ní àkọ́kọ́, o sọ ara rẹ lórúkọ ìkejì. Ohun mìíràn: ìpín ni à ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè, tàbí ìdájọ́, tàbí ètò tí ènìyàn ṣe. Ẹni tó bá fi pe ara rẹ̀, oríkì ara rẹ̀ ló ń kì. Ẹni tí o pín nǹkan fún ni kí o jẹ́ kó sọ ọ́.

Má sì sọ fún mi pé o kò mọ̀ ọ́n. Inú ilé yìí lo ti kọ́ ọ kí o tó gbọ́ òyìnbó. Ṣé o rántí ẹsẹ̀ Táyọ̀ àbúrò rẹ, èyí tí àìsàn mú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta? Ìwọ a gbé garawa ńlá lọ sódò, òun a gbé kèrègbè kékeré. Lọ́jọ́ kan, o ju garawa rẹ sílẹ̀ ní àárín agbo ilé, o ní ìyá yín ń ṣègbè. Ìyá rẹ kò nà ọ́. Ó gbé garawa ńlá náà lé Táyọ̀ lórí níwájú rẹ, ó ní kí o máa wò ó bó ṣe ń rìn. Kò dé ẹnu ọ̀nà tí o fi sáré lọ gbà á, o ń sunkún. Ìka kò dọ́gba. Ẹni tó ń fi òrùka kan náà wọ gbogbo wọn, yóò dá ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ lọ́jọ́ náà, o sì mọ̀. Kí ló dé tí o wá gbàgbé nígbà tí wọ́n fún ọ ní àga?

Èkejì. Ohun tí o kò bá mọ̀, béèrè. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n na ọwọ́ sókè kí n sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí?" Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni ì bá jẹ́. Ìwọ náà, kí o tó gbé pàṣán, ìbéèrè kan péré ló yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ: "Níbo lo ti ń bọ̀?" Àwọn tí ilé wọn jìn, wá ètò tiwọn. Jẹ́ kí wọ́n wọlé nígbà tí wọ́n bá dé, kí olórí kíláàsì bá wọn tún ohun tó kọjá kà. Èyí tó sùn gbàgbéra lẹ́yìn ògiri ilé ìwé, ìyẹn ni kí ìwọ àti òun jọ sọ̀rọ̀. Bí àwọn olùkọ́ rẹ bá kùn pé o ń ṣègbè, ní kí wọ́n bá ọ rìn dé aba lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kẹta ni pé bí o bá ṣe àṣìṣe, má jẹ́ kó sun ọjọ́ kan. Àṣìṣe mi sun ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì ń bímọ níbi tó sùn sí.

N kò tíì sọ bó ṣe parí. Lábẹ́ igi ọsàn yẹn, mo sọ fún Màmá Òjó. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, àti ti ìwé atúmọ̀, àti ti 'She accepts'. Ìgbà náà ló tó jókòó. 

"Sọ ọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ gan-an."

Mo ní, "Equitable."

Ó gbìyànjú láti pè é. "Ẹkúítébù." Ó mi orí. "Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ gùn."

Mo rò pé yóò ṣẹ́ èpè fún mi. Ì bá dára jù bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Dìde. Ẹnu tó sọ ọ́ fún wọn nígbà náà ló máa tún un sọ."

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo bá a lọ sí agbo ilé ọkọ rẹ̀. Ògún ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ láti ìran wọn wá. Àgbà ìdílé náà gbé àdá kan síwájú mi, ó ní, "Akọ̀wé, Bíbélì rẹ wà ní Arámọkọ. Ohun tí a ní níbí nìyí." O mọ ipò mi nínú ìjọ. Mo fi ahọ́n kan irin náà, mo sì sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn. Ògúndélé fò dìde. Òun náà ti hu ewú. Ó ní ìdájọ́ ti pẹ́, pé kòkó òun ti dàgbà lórí ilẹ̀ yẹn, pé ta ni mo jẹ́ tí mo fi wá tú ilé olúwarẹ̀ ká. Mo jẹ́ kó bú mi tán.

Àgbà náà wá bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́: "Nígbà tí o kọ́kọ́ mú, ṣé o mọ̀ pé àpáta lo fi sílẹ̀ fún un?"

Ògúndélé wolẹ̀. "Ta ni kò mọ̀?" ó ní.

 Gbogbo wọn ló mọ̀, Ibíwùmí. Ọ̀rọ̀ tí mo ṣì túmọ̀ ni wọ́n fi bo ojú ara wọn. Ṣọ́ra fún òfin tó ń jẹ́ kí ènìyàn rere ṣe ohun tí ọkàn wọn mọ̀ pé kò dára.

Wọn kò dá ilẹ̀ kankan padà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní tí wọ́n bá kó iṣu tuntun wọlé, àwọn àgbà á lọ fi ojú wo etí odò yẹn. Bóyá wọn á lọ, bóyá wọn ò ní lọ, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ jáde, Ògúndélé ní yàrá ìyá òun ṣófo nínú ilé, kí ọmọ náà máa sùn níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kó lè tètè dé ilé ìwé.

Mo rò pé ìṣòro ti tán. Ní Sátidé, mo fi ẹsẹ̀ mi gun òkè méjì yẹn lọ sí aba, mò ń dúró mí lójú ọ̀nà bí ẹran tó ti gbó. Yétúndé ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Egbò náà ti ń jinná, àpá rẹ̀ yóò wà. Mo sọ ọ̀rọ̀ yàrá fún un, mo ní ọ̀nà kò ní jìn mọ́. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ, kò wo ojú mi.

"Bàbá, ọ̀nà kò dùn mí," ó ní. "Mo ti mọ̀ ọ́n rìn. Ọ̀gá rí ẹsẹ̀ mi, wọn ò béèrè."

Kò ní lọ. Ìyá àgbà rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, èmi náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní ilé ìwé kì í ṣe ti ará aba. Ọmọ tó ń gbé ipò kejì nínú kíláàsì ló ń sọ bẹ́ẹ̀, Ibíwùmí, ọmọ tó yẹ kó jókòó ìdánwò àṣejáde lọ́dún tó ń bọ̀.

Èmi ti sọ tèmi jáde. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì tó gbọ́ ohun tí mo ṣe ju "oúnjẹ wà lórí tábìlì" lọ. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ nípa àdá, wọ́n ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ó tọ́ sí mi. Tìrẹ ló kù, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá ọ ṣe é.

Tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, má kọ èsì. Má rán olùkọ́ kékeré, má rán ìwé sí òbí ọmọ náà, má gun ọ̀kadà. Kúrò lẹ́nu géètì rẹ ní àárọ̀ kùtù, ní ìgbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, kí o fi ẹsẹ̀ rìn ín dé òpin. Kúnlẹ̀ fún Màmá Òjó. Kò ní sọ pé kí o dìde kíákíá. Dúró lórí orúnkún rẹ. Lẹ́yìn náà, lọ sẹ́yìn ilé níbi tí ọmọ náà wà, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí o sì bi í ohun tí o kò bi í lọ́jọ́ yẹn. Bó bá dákẹ́, dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá ké mọ́ ọ, gbà á. Má padà wálé láìjẹ́ pé ó ti dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
bàbá rẹ, tí ìbínú rẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ rẹ nìkan.